Làdíátù Kò Wọ Aṣọ Funfun Náà

Lọ́dún 1986, tí owó epo já wálẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ epo ní Houston ń dá òṣìṣẹ́ dúró lójoojúmọ́, iṣẹ́ Làdíátù nìkan ni ilé wọn gbójú lé. Ùsáínì ọkọ rẹ̀, tó ń ya àwòrán páìpù fún iléeṣẹ́ kan ní Baytown, ti wà nílé láti oṣù kẹrin. Làdíátù ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Paul, òyìnbó kan tó máa ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn-àjò. Ó ti lo ọdún márùn-ún nídìí tẹlifóònù àti tàpúráítà níbẹ̀.

Àdúgbò Campos l'Ékòó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé wọn, àmọ́ Àgùdà ni àwọn ará ilé kejì. Lásìkò Kérésì, àwọn Àgùdà á bo ojú, wọ́n á wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n á jó káàkiri àdúgbò, Làdíátù náà á sì sá tẹ̀lé wọn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Ìyá àgbà ilé kejì ló sọ fún un pé Bàhíà, ní Bùràsíìlì, ni àwọn òbí wọn ti gbé eré náà wá.

Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ Paul, òun ló lọ bá a.

"Paul, jẹ́ kí á máa kó èèyàn lọ wo ọdún ní Bàhíà."

"Ta ló fẹ́ lọ síbẹ̀?"

"Fún mi ní oṣù méjì."

Ó kọ lẹ́tà sí Bàhíà, ó tẹ àwọn olótẹ́ẹ̀lì láago, ó ka gbogbo ìwé tó rí ní láíbìrì. Òun ló kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín fún oníbàárà. Ó ṣàlàyé ọdún oṣù kìíní, tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun máa ń fi omi olóòórùn dídùn fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún Yemọja oṣù kejì, tí wọ́n máa ń kó òdòdó lọ sójú òkun. Kánífà fúnra rẹ̀, tí gbogbo ìlú máa ń jó káàkiri títì. Àti ọdún oṣù kẹfà, tí wọ́n máa ń dá iná síwájú ilé, tí wọ́n á máa jẹ àgbàdo. Kí oṣù kẹwàá tó parí, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti forúkọ sílẹ̀ fún ti oṣù kìíní.

"Ìwọ lo máa kó wọn lọ," Paul sọ fún un níṣojú gbogbo ọ́fíìsì.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá, Paul pè é wọlé. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa pàdé àwọn oníbàárà nínú mọ́ọ̀lù. Aṣọ funfun onílésì kan, irú èyí tí àwọn obìnrin Bàhíà máa ń wọ̀, wà lórí tábìlì, pẹ̀lú gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwo ńlá kan.

"Wọ èyí lọ́la, Ladi. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbé àwo náà, máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Evelyn ló máa sọ̀rọ̀. Òun náà ló sì máa kó wọn lọ."

Evelyn kò tíì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ náà.

"Kí ló dé tí kì í ṣe èmi?"

"Ohùn ẹ ni. Wọ́n fẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa yé wọn."

"Ohùn yìí náà ni wọ́n gbọ́ lórí tẹlifóònù tí gbogbo wọn fi forúkọ sílẹ̀!"

Paul ti àwo náà sún mọ́ ọn. Bí Làdíátù ṣe wo orí tábìlì ló rí ìwé ètò ìrìn-àjò tuntun. Wọ́n ti yí ọjọ́ bàálù padà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbéra, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Paul, kí wọ́n tó débẹ̀, ó ti parí!"

"Bàálù ọjọ́ náà dínwó. Àwọn oníjó máa wà nínú òtẹ́ẹ̀lì. Wọn ò ní mọ̀."

Ó wakọ̀ lọ sílé. Ó rò ó fún Ùsáínì, ó lérò pé yóò bá òun bínú sí Paul. Ńṣe ni Ùsáínì bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Hajarat, jọ̀ọ́, wọ aṣọ náà. Wákàtí mẹ́ta péré ni."

"Ẹ̀yin náà fẹ́ kí n gbé àwo?"

"Mo fẹ́ kí á rí ilé gbé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti Paul lọ. Yàrá ọmọ wọn ló sùn mọ́jú.

Nígbà tó dé mọ́ọ̀lù, síkẹ́ẹ̀tì búlúù tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló wọ̀, ó sì jókòó sáàárín àwọn oníbàárà. Paul ń fojú pè é láti ẹ̀yìn. Kò wo ibẹ̀. Evelyn ń ka ohun tí Làdíátù kọ, ó ń ṣi orúkọ pè. Obìnrin kan láti Baytown, Veronica, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, nawọ́ sókè.

"Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n máa fọ àtẹ̀gùn yẹn?"

Evelyn wo ètò tuntun tí Paul fún un. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Làdíátù dìde. "Irọ́ ni. Ọjọ́bọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́, inú bàálù lẹ máa wà. Ọ̀gá wa mọ̀. Mo sọ fún un lánàá, ó ní ẹ ò ní mọ̀. Èmi ni mo kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń kà fún yín yìí. Èmi ni mo bá yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Wọ́n ní kí n wá gbé àwo lẹ́nu ọ̀nà!"

Ariwo ta. Evelyn yíjú sí Paul, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Paul bá Làdíátù lẹ́nu ọ̀nà. "Má wá lọ́jọ́ Ajé."

"Mi ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn."

Àwọn oníbàárà fárígá, Paul sì dá ọjọ́ bàálù padà sí ọjọ́ Ajé. Wọ́n lọ, wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Evelyn ló kó wọn lọ. Veronica fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́ sí Làdíátù. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀, ó ti í gbàgà tí Hajarat ọmọ rẹ̀ fi jí. Ilé wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Wọ́n kó lọ sí apartment oníyàrá kan, Ùsáínì sì sọ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé, "Ìwọ lo fà á."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó rí iṣẹ́ ní Stafford lọ́dọ̀ Mákánjúọlá, ọmọ Yorùbá kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún àwọn tó ń lọ sílé àti àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ibẹ̀ ló wà ní 1988 tí Paul fi tẹ̀ ẹ́ láago.

"Ladi, a fẹ́ kó àwọn èèyàn lọ wo ọdún oṣù kẹfà. Kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀ bíi tìẹ. Ṣé o lè bá wa kọ ọ́?"

"Orúkọ ta ló máa wà lórí rẹ̀?"

"A lè jọ sọ ìyẹn tó bá yá."

"Làdíátù ni orúkọ mi," ó wí, ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó pe oníbàárà tó kàn.