Ọkọ̀ Tó Ń Fo Àwọn Kékeré

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró de èrò ní èbúté Igbokoda kò jẹ́ kí n sinmi. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ tún sọ ti rélùwéè Jàpáànù yẹn fún wa. Ṣé lóòótọ́ ló máa ń yá bí ọta ìbọn?" Ìyanu ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí n lanu, kí n ní mo ti rí ìlú tó ju ìlú lọ. Mo rí i, kò sì wú mi lórí. Ọkọ̀ tí èrò á wọ̀ tí wọn kò ní kí ara wọn, tí ẹnì kan á sùn lé èjìká ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n á sì pínyà láì bi ara wọn pé ọmọ ta ni ọ́, kí ni yíyá rẹ̀ fẹ́ ṣe fún mi?

Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo ṣe jẹun. Ọkọ̀ èrò ni mo wà láti Igbokoda lọ sí etí òkun, láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì pọ̀ lórí omi wa títí di ìgbà tí ọkọ̀ àwọn elépo bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi lù wá bí ẹni tí kò rí wa. N kò fi ibì kankan sílẹ̀ láì yà. Bó jẹ́ ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló dúró lórí afárá igi rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n edé, màá yà. Gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀ mi ni mo mọ̀ lórúkọ, mo mọ orúkọ ọmọ wọn, mo mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń sá fún. Mo ṣì mọ̀ wọ́n títí dòní, alààyè wọn àti òkú wọn. Ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ẹnì kankan síbí. Orúkọ kan ló kún ẹnu mi, ẹni tó ni ín kò sì lè dáhùn mọ́.

Ọmọ mi ni. Ọ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wẹ́dà ló kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń jó páìpù fún àwọn elépo. Àwọn elépo wọ̀nyẹn! Iná wọn ń jó lójú òkun tọ̀sán tòru, ilé wa ṣókùnkùn. Wọ́n fa epo lábẹ́ ìdí wa, wọ́n dá ìdọ̀tí rẹ̀ padà sínú àwọ̀n wa. Nígbà tí wọ́n parí páìpù, wọ́n ní kí ọmọ mi máa lọ sílé. Ó lọ sílé lóòótọ́, ó bá ẹja tó ń rùn bíi kẹrosíìnì, ó sì bá ọkọ̀ òkun lọ. Jàpáànù ló sọ̀ sí, ní ìlú ńlá kan tí wọ́n ti ń rọ irin ọkọ̀. Ó fẹ́ ọmọ wọn níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń ná omi, ilẹ̀ yẹn náà ló ti wá. Wọ́n fún wa ní ẹ́ńjìnnì, wọ́n gba ọmọ. Ẹ wo irú pàṣípààrọ̀.

Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Kí físà mi tó jáde, wọ́n ti fi iná sun ún, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe òkú tiwọn. Mo dé, wọ́n gbé àpótí kékeré kan lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Ọkùnrin tó máa ń dá ẹ́ńjìnnì mi gbé kúrò nínú omi, ó ti wọ inú ohun tí mo lè gbé sórí itan. N kò bá wọn jà. Iná ti ṣe tirẹ̀. Ohun tó kù fún mi ni kí n mú un délé, kó má sọnù lọ́nà.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará omi lè má mọ ohun tí mo ń wí. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, tí a bá ń fi ọkọ̀ gbé e bọ̀, ẹnì kan á jókòó síwájú ọkọ̀, á máa sọ fún un gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá dé. "Zion Pepe nìyí o, a ń kọjá lọ. Má sọ̀. Ibí kì í ṣe ilé." Ibùdó kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Òkú kò ríran mọ́, etí ló kù fún un. Bí a bá fo ibì kan, ibẹ̀ ni yóò sọ̀ sí, yóò máa rìn kiri láàárín ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣe é fún bàbá mi. Mo ṣe é fún ìyá ọmọ mi nígbà tí a gbé e ti ilé ìwòsàn bọ̀. Olórí ìjọ wa ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ti wà lọ́dọ̀ Olúwa." Mo ní, "Àmín. Ṣé Olúwa ti sọ ọkọ̀ tó wọ̀ débẹ̀ fún yín?" 

Rélùwéè tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá ni ọmọ mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, òun náà ló sì lọ tààrà dé pápákọ̀ òfurufú. Àárọ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nígbà tí gbogbo ìlú ń jáde. Ọkùnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti èrò wọlé bí ẹni tó ń ki ẹja sáwá yíyan bọ inú agbọ̀n, ó sì ń tẹrí ba fún wọn bó ti ń tì wọ́n. Ìtẹríba àti ìtìkutì lẹ́ẹ̀kan náà! Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ tì ọ́ á kọ́kọ́ bú ọ, wàá sì mọ ibi tí o dúró sí. Mo wọlé, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú ìdúró o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ojú gbogbo wọn wà lára fóònù tàbí nílẹ̀.

Ìyàwó ọmọ mi fà mí láṣọ. Ọmọ mi ti kọ́ ọ ní Yorùbá. Yorùbá rẹ̀ dà bí ẹja tí egungun rẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé jẹ.

"Bàbá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "nínú rélùwéè, a kì í sọ̀rọ̀."

"Ta ló kú?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí. Àwa méjèèjì bá gbójú sílẹ̀ bíi tiwọn.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà ni obìnrin kan tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n ki ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, tó ń dárúkọ ibùdókọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá fẹ́ padé, orin wíńtínwíńtín kan á dún, irú èyí tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Fún àwọn àgbàlagbà tó wọ kóòtù!

Ọjọ́ tí mo máa padà, mo gbé àpótí náà mọ́ àyà, ìyàwó ọmọ mi gbé ẹrù mi. Ọkọ̀ kan dé, ìyàwó ọmọ mi ní ìyẹn ni ká wọ̀. Ní ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, ó dúró. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi ní ohùn ìsàlẹ̀, nítorí ti ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo rí òrùlé, mo rí pátákó tí wọ́n kọ nǹkan sí, mo rí èrò tó tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ kọjá fìrì.

"Ibo nìyẹn?"

"Ibùdókọ̀ ni, Bàbá. Ọkọ̀ yìí kò dúró níbẹ̀."

Òmíràn tún kọjá fìrì.

"Ìyẹn náà ńkọ́?"

"Kò dúró. Èyí, ọkọ̀ kíákíá ni. Ó ń fo àwọn kékeré."

Ó ń fo àwọn kékeré! Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ohun rere ni. Mo mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ àwọn elépo ni, tó ń gba iwájú ilé wa kọjá tí ìgbì rẹ̀ á gbá ìkòkò ọbẹ̀ dànù, nítorí kò sí ẹni ńlá tó ń gbé ibẹ̀.

"Ìyàwó mi, a ó sọ̀."

"Ọkọ̀ òfurufú, Bàbá! Kò ní dúró dè yín."

"Kó máa lọ. Ọkọ rẹ ti sọ̀ sí ọ̀kan nínú ibi tí ẹ fò yẹn. Ta ni yóò padà lọ mú un?"

Ó wo àpótí náà. 

"Ó máa ń sùn," ó ní.

"Ta ni?"

"Ọkọ mi. Láàárọ̀, àwa méjì, rélùwéè kan náà. Kò mọ orúkọ ibùdókọ̀, kò fẹ́ mọ̀. Á sùn, èjìká mi. Á ní, 'Pè mí tí a bá dé.' Èmi ni mo ń pè é."

 Nígbà tí ọkọ̀ dúró, òun ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

A wọ òmíràn padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, a wá dúró de èyí tó ń yà síbi gbogbo. Ó dé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé àwọn ìyá arúgbó àti àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà, àwọn tí kò já mọ́ nǹkan lójú ọkọ̀ kíákíá. Iwájú pátápátá ni mo lọ, nítorí iwájú ni ipò ẹni tó ń pe ọ̀nà. Gíláàsì ló wà láàárín èmi àti awakọ̀. Bí iná ojú ọ̀nà kan bá yọ, ọkùnrin náà á nàka sí i, á sì pè é sókè, òun nìkan nínú yàrá rẹ̀. Bó bá kan ibùdókọ̀, á nàka sí i, á pè é. Bó bá fẹ́ kúrò, á nàka sí aago, á pè é. Mo bi ìyàwó ọmọ mi pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Kò sí ẹni. Iṣẹ́ ni. Kó má gbàgbé."

Mo wò ó títí. Nínú gbogbo ìlú yẹn, ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn tí n kò rí nǹkan fi bú.

Bó ti nàka, èmi náà nàka. Mo pè é sókè bí mo ṣe ń pè é lójú omi. Orúkọ tí obìnrin inú ẹ̀rọ bá dá ni mo ń gbà sọ, bí ahọ́n mi bá ti lè gbé e mọ. "Ibi báyìí nìyí o, ọmọ mi. Má sọ̀. Ibí kì í ṣe ilé."

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú dìde wá. Ó tẹrí ba, ó bá ìyàwó ọmọ mi sọ̀rọ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Èèyàn wà níbí."

"Sọ fún un pé òkú ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ìyàtọ̀."

Ohun tó sọ fún ọkùnrin náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí mo rán an. Ó fọwọ́ kan àpótí náà. Ọkùnrin náà wò ó, ó tún tẹrí ba, èyí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì rọra lọ jókòó níbòmíràn. Ìyẹn náà bí mi nínú. Lọ́dọ̀ wa, á jókòó tì mí, á bi mí pé kí ló pa á.

Nígbà tó yá, ohùn mi há. Ibùdókọ̀ kan ń bọ̀, mo lanu, èémí lásán ló jáde. Ìyàwó ọmọ mi, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nínú rélùwéè, nàka síta, ó sì pè é. Ó pè é dáadáa, bí onílé. Ó ní, "Má sọ̀. A kò tíì dé." Gbogbo èrò gbójú kúrò lára fóònù wọn. Kò wo ojú ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é títí a fi dé pápákọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fi í sí, tó dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, tó ń ju ọwọ́.

Mo bá ọkọ̀ òfurufú náà, nítorí pé òun gan-an pẹ́. Ẹ̀yin tó ń yin ilẹ̀ wọn pé nǹkan kì í pẹ́ níbẹ̀, ẹ gbọ́. Lókè, n kò rí ibùdó láti pè. Mo kàn ń wí fún un pé, "Ìkùukùu ni. Má sọ̀." Láti Èkó dé Igbokoda, mo pe gbogbo ìlú. Dẹ́rẹ́bà mọ́tò tí mo wọ̀ kùn títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má rò pé ará Jàpáànù nìkan ni mo ń bínú sí. Ẹni tó gbé mi ní Igbokoda, èmi ni mo kọ́ bàbá rẹ̀ níṣẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá méjì ló so mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ jókòó, kíá la ó dé. Mi ò ní yà síbì kankan."

"Wàá yà."

"Kò sí èrò tó ń sọ̀ níbẹ̀, Bàbá. Epo wọ́n."

"Epo wọ́n! Níbi tí wọ́n ti ń fà á lábẹ́ ilé ìyá rẹ?"

Ó kùn, ṣùgbọ́n ó ń dẹ eré bí a bá ti kan ibùdó. Mo jókòó síwájú, mo nàka, mo ń pè. Obìnrin kan tó gbé pùpùrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, sẹ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. "Ẹ wo Bàbá! Jàpáànù ti wọ̀ wọ́n lára, ìka ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀." Àwọn tó kù bá a rẹ́rìn-ín. N kò bojú wẹ̀yìn.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìdálẹ̀ ló kù. Ilé tí ọmọ mi mọ̀ kò sí mọ́. Òkun ti gbé e, òun àti ṣọ́ọ̀ṣì àti afárá igi tí ọmọ mi ti kọ́ ìrìn. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi fún ọkọ̀ epo, òkun bá ọ̀nà náà wọlé. Ìjọba wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Òpó ilé wa ṣì yọrí lójú omi bí eyín tó kù lẹ́nu arúgbó. Ẹni tó bá sùn tí kò gbọ́ ìpè, ibẹ̀ ni yóò sọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Mo ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó pa á, kò jiyàn. Kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí ilé tiwọn náà wà nínú omi yẹn. Mo nàka sí àwọn òpó náà.

"Ibí nilé wa tẹ́lẹ̀. Má sọ̀ síbí o, omi ni. A ti sún sẹ́yìn. Tẹ̀lé ohùn mi, ó kù díẹ̀."

A fi àjẹ̀ wà á wọ ọ̀nà omi kékeré tó wà lẹ́yìn, títí dé iwájú ilé tuntun tí kò rí rí. Mo gbé àpótí náà sókè, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń fi pamọ́ láti ìlú àwọn tí kì í kí ara wọn.

"Jí. A ti dé."