Ọ̀já Tó Pẹ́ Lórí Òfì

Mo rántí ìgbà tí ìjókòó di ìyà fún mi. Iṣẹ́ ìjókòó sì ni iṣẹ́ wa nílé ọkọ mi ní Kàbbà, torí aṣọ ni àwa obìnrin ń hun. Òfì ìyá ọkọ mi dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àtòun a jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí, a ó máa hun ún lọ títí oòrùn yóò fi kúrò lágbàlá. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ọkọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ àti bàtà pupa kan bọ̀ nígbà iṣu tuntun. Ojú òde ni mo ti máa ń nu kẹ̀kẹ́ náà, kí gbogbo àdúgbò lè rí mi. Ohun mìíràn tó bá kẹ̀kẹ́ wọlé, n kò mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ata. Abẹ́ ikùn ń dùn mí, mo sì ń rí ohun tí n kò rí rí lára aṣọ mi. Bí mo bá ti hun díẹ̀, màá dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Màá padà jókòó, màá tún dìde. Ìyá ọkọ mi ń wò mí. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó ra òwú pupa àti funfun, ó sì ta á tóóró sórí òfì. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí òwú tóóró wà fún nílé wa: ọ̀já ìpọnmọ ni. Bí ìyá ọkọ bá fura pé ìyàwó ti lóyún, kò ní í fi ẹnu sọ ọ́, ọ̀já ni yóò dáwọ́ lé. Tó bá sì ti dáwọ́ lé e, a kì í gé e sọ nù.

Ni àwọn aládùúgbò bá ń kí mi ní ìkíkukí: "Okun o, ìyàwó! Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀ o!" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé kì í ṣe oyún ló ń gbé mi dìde? Nígbà tí nǹkan oṣù mi dé, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo lọ fọ aṣọ rẹ̀ lódò, mo sì sunkún níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé inú mi ti bàjẹ́, pé n kò ní í bímọ láé.

Mo bi ọkọ mi. Kò wo ojú mi. Ó ní òun tọ̀ sójú ibi tí ajá tọ̀ sí ní Jọ́ọ̀sì ni, àtọ̀sí ni, wọ́n ti gún òun lábẹ́rẹ́ ní dísípẹ́ńsárì, ó sì ti lọ.

"Èmi ńkọ́?"

"Àìsàn ọkùnrin ni," ó ní. "Kò kàn ọ́."

Àmọ́ èyí tó lọ lára rẹ̀ wà lára mi, ó sì tún gbà á padà lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ bá a lẹ́yìn àká níbi tó ti ń tọ̀, tó di ògiri mú, tó ń wa eyín pọ̀. Ó wá jókòó tì mí nídìí òfì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan òwú.

"Ìyàwó, ṣé oyún ni?"

Mo mi orí pé rárá, mo bú sẹ́kún.

"Ǹjẹ́ o tiẹ̀ bi ara rẹ rí ìdí tí ọkọ rẹ ò fi ní àbúrò?" ó ní. "Bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ojú irin, ó bọ̀, ó mu egbòogi tirẹ̀, ó sàn. Kò sẹ́ni tó rántí pé tèmi ń bẹ nínú mi. Wọ́n láyé ló sé mi nínú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo pe orogún mi lájẹ̀ẹ́ títí ó fi kú."

Ó dìde, ó pe ọmọ rẹ̀. "Wọ bàtà pupa ẹ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ."

Ọ̀sán gangan ló kó wa gba ojú ọjà kọjá, òun níwájú, èmi láàárín, ọkọ mi ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn, ó dorí kodò. Ẹni tó bá bi ìyá ọkọ mi pé níbo là ń lọ, ó ń dáhùn pé, "À ń lọ tọ́jú ara." Dísípẹ́ńsà gún àwa méjèèjì lábẹ́rẹ́, ó ní ká má ṣe sún mọ́ra títí òun yóò fi yẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tá a délé, ìyá ọkọ mi ká ẹní ọmọ rẹ̀ lọ sí yàrá tirẹ̀. Ọkùnrin tó ti dé Jọ́ọ̀sì ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀!

Ara wa yá. Ṣùgbọ́n oyún ò tètè dé, àwọn aládùúgbò sì dẹ́kun ìkíni. Ọ̀já náà wà lórí òfì ní ìdajì, ìyá ọkọ mi fi àkísà bò ó, a lọ ń fi òfì aládùúgbò hun aṣọ. Ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá, òmíràn dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bì sẹ́nu ọ̀nà, n kò sọ nǹkan kan fún un. Mo kàn gbọ́ tí ó ń gbọn àkísà náà.

Ìyá ọkọ mi ti lọ tipẹ́tipẹ́, ọkọ mi náà ti tẹ̀ lé e. Ọ̀já yẹn wà lọ́wọ́ mi, ó ti pọn ọmọ mi, ó ti pọn ọmọ ọmọ mi. Nígbà tí ọmọbìnrin ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó láìpẹ́ yìí, mo ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jọ lọ yẹ ara wọn wò, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mú ọ̀já náà jáde, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà fún wọn. Ìlà dúdú kan wà láàárín rẹ̀ tí ọṣẹ ò lè mú kúrò, níbi tí eruku dúró sí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Mo fi ìka tọ́ka ibẹ̀. Mo ní, ibi tí ọmọ bíbí ìyá ọkọ mi parí sí nìyí. Ibi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.