Ènì Ìyá Onílé Wa

Ìyá onílé wa ní Lafiaji, tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Sandgrouse, máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá ń bu ènì fún oníbàárà. Á ní, "Tójú bá ń wò ó, ọwọ́ á ṣahun."

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó tì í, mò ń wá ìṣòro ọrọ̀-ajé ilẹ̀ wa tí màá fi ṣèwádìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo wọ̀ lágbà. Mo ní dọ́là ló wù mí, torí ó dún bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pọlọ.

"Akẹ́kọ̀ọ́ onírun funfun!" ló fi dá mi lóhùn.

Oníbàárà kan na ọ̀rá rẹ̀, ó ń retí ènì. Ìyá bu ẹ̀wà, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì dà á padà.

"Ẹ má bínú. Ọjà ti wọ́n jù."

Mo ní, "Ìyá, ẹ ti bá mi yàn án. Ọ̀wọ́n-gógó ni màá kọ lé lórí."

Kò rẹ́rìn-ín. "Jọ̀ọ́, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi kì í ṣe ahun."