Bàtà Orí Àga

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "irọ́ ni" sábẹ́ gbogbo ìtàn lórí Fesibúùkù, mo ti wà lára yín rí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Ojú mi yìí ló rí i.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń ránṣọ. Opó ni mí. Èmi fúnra mi ni mo yan aṣọ tí wọ́n fi sin ọkọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ìtàn obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó ń gbé Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì. "Ẹ gbà mí o," ló kọ. "Ọkọ mi ní ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lòun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n mọ ilé wọn. Bí ará Ìkẹ́rẹ́ bá ti wọ̀lú, á sá wọ oko kòkó. Mo lóyún fún un. Ta ni mo fẹ́?"

Háà, wọ́n bú u! Obìnrin náà ní ọkọ òun ń pe ilé ní "ulé" bí ará Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n ní ta ni kò lè pè é bẹ́ẹ̀, pé àwọn tí yóò máa wò ó ló ń wá. Èmi náà ti fẹ́ dá sí i, kí n tó ka ìlà tó kẹ́yìn: ọkọ ọ̀hún kì í sùn láìgbé bàtà rẹ̀ lé orí àga, nítorí ejò tó wọ inú bàtà rí lóko.

Ẹ gbà mí gbọ́, fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tọ̀sán tòru.

Mo kà á fún ìyá ọkọ mi. Màmá bú sẹ́kún, wọ́n wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Àkúdàáyà ni. Má lọ o, ìyàwó mi. Òkú tó bá ń gbé ìlú mìíràn, tí ará ilé rẹ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lọ nìyẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni, kí wọ́n lè fi ọmọ mi sílẹ̀."

Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè jókòó? Mo ní kí n sáà rí ẹ̀yìn rẹ̀ lásán, kí n padà sílé. Mo bẹ obìnrin náà, ó júwe ilé.

Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Òun àti ikùn rẹ̀ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ó wà ní yàrá," ó rọra wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, ó fẹ́ sùn díẹ̀."

Mo gbọ́ tó wúkọ́. Yéè! Ikọ́ ọkọ mi! Mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta: "Bàbá Dúpẹ́!"

Ikọ́ náà dá. A sáré wọlé. Ẹní ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàtà wà lórí àga. Yàrá náà kò ní ilẹ̀kùn mìíràn, irin sì wà lójú fèrèsé.

Obìnrin náà wò mí. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, mà?"

Mo jáde, mo ń sunkún lọ sí ibùdókọ̀.

Ó ti tún kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé ọkọ òun ti pòórá. Ó ní kí obìnrin tó wá láti Ìkẹ́rẹ́ jọ̀ọ́ wá jẹ́rìí sí i, pé oyún òun ti wọ oṣù ìbí. Wọ́n tún ń kọ "irọ́ ni." Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan kọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ẹni yín, bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá jọ òótọ́ lójú yín, ẹ pè é nírọ́, kẹ́ ẹ jókòó sílé.