Aṣọ Tí Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì Wọ̀ Lọ́jọ́ Àṣà

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun ò ní wá sí iléèwé lọ́jọ́ Àṣà. Àwa mẹ́ta là ń bọ̀ láti iléèwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan: èmi, ọmọ mi, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní fúláàtì tó kángun sí tiwa. Kíláàsì kan náà làwọn méjèèjì wà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni wọ́n. Ìyá ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló ń tọ́ ọ. Orúnkún ń yọ ìyá àgbà náà lẹ́nu, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ni mo máa ń mú àwọn ọmọ méjèèjì bọ̀ wálé.

"Mummy, ó ní òun ò ní nǹkan tóun máa wọ̀."

Mo wo ọmọ náà. Ó ń fi bàtà gbá òkúta kékeré kan lọ níwájú, kò wo ojú mi.

"English lásán lèmi," ló wí. "A ò ní aṣọ kankan."

Iléèwé ti fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo òbí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ìbílẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Peckham níbí nílùú òyìnbó, irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kì í ba àwọn tiwa lẹ́rù. Ti ọmọ mi ti wà nínú àpótí: ìró àti bùbá léèsì aláwọ̀ ewé tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn nígbà Iléyá. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá tó wá láti Somalia àti Bangladesh àti Ghana náà ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé nínú gbogbo wa, ọmọ onílẹ̀ gan-an ni kò ní rí nǹkan wọ̀.

"Ó lè wọ ankara mi," ni ọmọ mi wí. "Ṣé ó lè wọ̀ ọ́, Mummy?"

Mo ní kò burú. Bí a ṣe délé, mo ró ìró fún un, mo wọ bùbá sí i lọ́rùn, mo sì fi èyí tó kù wé orí rẹ̀. Ó yẹ ẹ́. Ó ń yí bírí níwájú dígí, ọmọ mi ń pàtẹ́wọ́. Mo mú un lọ́wọ́, a kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ àgbà.

Ìyá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àdúgbò yìí ni wọ́n bí wọn sí, kí ìjọba tó wó àwọn ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ láti kọ́ ẹ̀sítéètì wa. Nígbà tá a kó dé, àwọn ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n gbé kéèkì dání, wọ́n sì ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀sìn wa gbà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Mama. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó pe àwọn bẹ́ẹ̀ rí, Nan ni gbogbo èèyàn ń pe àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ ẹ. Gẹ̀ẹ́sì là ń bá ara wa sọ, síbẹ̀ bí mo bá ń rántí ọ̀rọ̀ wọn, Yorùbá ni mo máa ń gbọ́ ọ.

Mama wo ọmọ-ọmọ wọn láti òkè délẹ̀.

"Ó rẹwà," ni wọ́n wí. "Ó rẹwà gan-an ni." Wọ́n fọwọ́ kan etí aṣọ náà. Wọ́n wá sọ, bíi pé ara wọn ni wọ́n ń bi: "Ṣé a ò wá ní nǹkan kan tó jẹ́ tiwa ni?"

Kì í ṣe ìbínú ni wọ́n fi sọ ọ́. Ì bá tiẹ̀ sàn fún mi ká ní ìbínú ni.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní in lọ́kàn láti..."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ire lo fi ṣe é."

Ọmọ náà ti gbọ́. Ó tú gèlè náà fúnra rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun máa wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù England. Mama kọ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọge," ni wọ́n sọ fún mi nínú kíṣìnnì wọn, "àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbé àsíá England rìn ládùúgbò yìí láti fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn dúdú tá a jọ ń gbé. Mo mọ̀ pé ayé ti yí. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lásán ni. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé òun nìkan la ní."

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, bí mo bá rí àsíá náà lójú fèrèsé ẹnikẹ́ni, mo máa ń sọdá sí òdìkejì títì. Lónìí, bí England bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ mi á ní kí n kun àsíá yẹn sí òun lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì ń kùn ún. Mi ò tíì rí ẹni tí mo lè ṣàlàyé àárín ìgbà méjèèjì yẹn fún.

Ní Sátidé, mo mú àwọn ọmọ náà lọ sí Rye Lane, òpópónà ọjà àdúgbò wa. A rí ẹ̀wù ọbabìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù kan, pẹ̀lú adé oníke. Mo ní kó gbé e wọ̀ wò.

"Aunty," ló wí, "ṣé ẹ ti rí ọbabìnrin kankan ní ẹ̀sítéètì wa rí?"

Ẹ̀rín pa mí. A jáde lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tá a padà dé, Mama ti po tíì sílẹ̀. Àwọn ọmọ lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ṣáà ń ro ọ̀rọ̀ náà, mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tá a lè bi ẹnikẹ́ni nílé wa:

"Mama, kí ni ìyá yín máa ń wọ̀ lọ sóko?"

Wọ́n wò mí. "Oko wo? Ará Peckham ni wá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ni ìyá mi ti ṣiṣẹ́." Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Rárá o. Dúró ná. À ń lọ sóko. Ọdọọdún là ń lọ!"

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi. Bí ìgbà ooru bá ti ń parí lọ, gbogbo obìnrin òpópónà wọn á kó ọmọ, ìkòkò àti ibùsùn sẹ́yìn lọ́rì, wọ́n á gba ìgbèríko Kent lọ. Iṣẹ́ họ́ọ̀psì ni wọ́n ń lọ ṣe. Òdòdó kan ni họ́ọ̀psì, ó ń gun okùn bí ewé iṣu ṣe ń gun igi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a sínú agbọ̀n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Inú ahéré onípáànù ni wọ́n ń gbé, orí koríko gbígbẹ ni wọ́n ń sùn, ìta gbangba ni wọ́n ti ń dáná. Oje ewé náà á sọ ọwọ́ àwọn ọmọ di dúdú, kò ní ṣí bọ̀rọ̀. Àwọn baba máa ń wá bẹ̀ wọ́n wò ní òpin ọ̀sẹ̀.

"Ìsinmi wa nìyẹn," ni Mama wí. "A ò ní òmíràn. Ìyá mi kì í kọrin ní Peckham, àmọ́ tá a bá ti dé Kent, kò ní dákẹ́ orin."

"Kí ni wọ́n ń wọ̀?"

"Kí lo rò? Épúrọ́ọ̀nù. Èyí tó bo gbogbo ara, òdòdó wẹẹrẹ lára rẹ̀. Bàtà òjò. Wọ́n á fi ìborùn di orí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mi orí. "Àkísà ni, ọmọ mi. Ta ló ń wọ ìyẹn lọ síbi àṣà?"

Òwe wa kan sọ sí mi lọ́kàn, pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ mọ. Mama ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ò gbọ́ ọ rí. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ ọ́ fún òun látọjọ́ yìí.

"O ò bi mí," ni Mama wí.

Ní Sunday, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà East Street ní Walworth, a ra aṣọ olódòdó aláwọ̀ búlúù. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ nílé. Mama jókòó tì mí, wọ́n ń fi ìka júwe ibi tó yẹ kí etí aṣọ náà méjèèjì ti gba orí ara wọn kọjá níwájú àti ibi tí okùn rẹ̀ á ti so lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ pé ọtí ni wọ́n ń fi họ́ọ̀psì pọn, ó ní, "Alhaja, aṣọ ọlọ́tí lo wá ń rán báyìí?" Mo ní kó lọ jẹun. Òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń rán aṣọ náà nìkan ni inú wọn dùn sí i. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ dúró níwájú dígí, ó fajú ro.

"Épúrọ́ọ̀nù ni," ló wí. "Wọ́n máa rò pé mò ń bọ̀ wá fọ abọ́."

Mama ò bá a jà. Wọ́n mú ìborùn, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n fi gbá orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n ta kókó rẹ̀ síwájú orí.

"Mummy, ẹ wò ó!" ni ọmọ mi kígbe. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń wérí tẹ́ ẹ bá ń tún ilé ṣe!"

Òótọ́ ni. Ọmọ náà wò mí, ó wo Mama, ó sì jẹ́ kí ìborùn náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ pé, Mama ní àwọn máa bá wa lọ, orúnkún ò lè dá àwọn dúró. A rọra ń rìn. Léèsì ọmọ mi ń kọ mànà nínú oòrùn, àwọn èèyàn ń yìn ín lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún ìkejì rẹ̀. Kí a tó dé iléèwé, ọmọkùnrin kan láti kíláàsì wọn sáré kọjá, ó ní, "Kí ni ìwọ wọ̀ yẹn? Ṣé o fẹ́ fọ ilé ni?" Ojú ọmọ-ọmọ Mama pọ́n. Ó gbé ọwọ́ sórí, ó fẹ́ tú ìborùn. Mama dì í lọ́wọ́ mú.

Ibi tí àwọn ọmọ ti ń sọdá títì la wà. Bàbá arúgbó kan ló máa ń dúró níbẹ̀ láràárọ̀ láti dá ọkọ̀ dúró fún wọn, òyìnbó ni, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó na ọ̀pá rẹ̀ jáde, àwọn ọkọ̀ dúró. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá kó tó rí ọmọ náà. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé họ́ọ̀psì lò ń lọ já ni, ọmọ?"

Ọmọ náà dúró gbagidi sáàárín títì.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyá mi ní irú ẹ̀. Tìrẹ mọ́ ju tiẹ̀ lọ ni." Ó yíjú sí Mama. "Oko ta lẹ máa ń lọ?"

Mama dárúkọ abúlé kan. Bàbá náà dárúkọ òmíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í takúrọ̀sọ níbẹ̀, títí tí dẹ́rẹ́bà kan fi fọn fèrè, tí bàbá náà sì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí i pé kó ní sùúrù. Nígbà tá a fi dé òdìkejì, ọwọ́ ọmọ náà ti kúrò lórí. Ó ti ń ṣíwájú wa lọ.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn òbí jókòó sẹ́yìn, àwọn ọmọ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn án, tíṣà bi í pé kí ló wọ̀.

"Aṣọ ìyá Nan mi nìyí," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀. "Wọ́n fi ń já họ́ọ̀psì ní Kent. Orí koríko gbígbẹ ni gbogbo wọn ń sùn."

Ọmọ kan nawọ́ sókè. "Ṣé eku wà níbẹ̀?"

Ó yíjú wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Wọ́n pọ̀ lọ jàra!" ni Mama dáhùn láti orí àga wọn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà pẹ̀lú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn. Mo sọ fún wọn pé ọmọ wọ léèsì wọn, gbogbo èèyàn sì yìn ín. Mo wá bi wọ́n ní irú aṣọ tí ìyá wọn, tó ní oko kòkó, máa ń wọ̀ lọ sóko.

"Kí lo fẹ́ fi aṣọ oko ṣe?" ni wọ́n wí.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, ma."

"Kíjìpá kan báyìí ni. Oje kòkó ti sọ ọ́ di dúdú, ó gbó kanlẹ̀, síbẹ̀ wọn ò ní wọ òmíràn."

"Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó tì o, kò sí mọ́. A ti fi nu ilẹ̀ tipẹ́."

Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mi ò rí kíjìpá náà rí, ọmọ mi ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti dáko rí. Nígbà tá a parí ọ̀rọ̀, mo pè é kúrò nínú yàrá rẹ̀, mo ní kó wá jókòó tì mí, kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Kò pọ̀. Ó tẹ́tí sí i títí tán, ó sì bèèrè bóyá eku wà níbẹ̀ náà.

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọkọ mi fi mọ́tò wa gbé gbogbo wa lọ sí Kent. Mama ò mọ ọ̀nà náà mọ́. Nígbà tá a rí abúlé wọn, wọ́n ti gbin igi ápù sórí oko náà, wọ́n sì ti kọ́ ilé sí ibi tí àwọn ahéré wà. Ọmọ-ọmọ wọn ló rí ìtàkùn kan tó lọ́ mọ́ igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òdòdó aláwọ̀ ewé rọ̀ dirodiro lára rẹ̀, ó sì já ẹ̀kúnwọ́ wá.

"Ṣé òun nìyí, Nan?"

Mama ṣílẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n na ẹsẹ̀ síta, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rún òdòdó náà, wọ́n gbé ọwọ́ sí imú. Wọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sí ọmọ náà kí ó gbóòórùn rẹ̀, wọ́n nà án sí ọmọ mi, wọ́n nà án sí mi. Ọmọ mi ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó tutọ́ rẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀, ó ní ó korò ju ewúro lọ. Mama ti se ẹyin dání, èmi gbé búrẹ́dì. Ibẹ̀ la jókòó sí, à ń jẹun, títí òjò fi lé wa wọ inú mọ́tò.