Àwo Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Jarwal

Òórùn ọ́ìlì mọ́tò àti rọ́bà tó ń jóná ni Bahra fi ń kí èèyàn káàbọ̀. Ìlú kékeré ni, lójú ọ̀nà Jẹ́dà sí Mẹ́kà, ilé mẹkáníìkì àti ilé ìkẹ́rùsí ló kún ibẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi àti Àlàájà kan ti máa ń pàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ ti ń ta táyà. Èmi á gbé ẹ̀wà sóyà lílọ̀, ẹ̀pà àti mílíìkì wá láti Jẹ́dà, òun á gbé wọn wọ Mẹ́kà. Kirisẹ́nì ni mí, ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wọ Mẹ́kà. Àwọn obìnrin tí n kò fojú kàn rí, tí n kò mọ yàrá wọn, ni mo ń pàṣẹ oúnjẹ fún. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti pa mí lẹ́nu mọ́.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Jẹ́dà nígbà náà. Àwa obìnrin díẹ̀ tí a jọ ń gbàdúrà ní pálọ̀ ara wa ní àdúgbò Sharafiyah la ń dá oúnjẹ náà jọ. Àwọn tí a ń fi ránṣẹ́ sí ní kòkòrò HIV lára, wọ́n sì ń lo oògùn wọn ní bòókẹ́lẹ́. Kí n tó dé Jẹ́dà, mo ti bá àwọn kan lọ sí gúúsù Áfíríkà, a lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi oúnjẹ gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ró ní abúlé. Mo ṣì ń rí àwọn ìyá yẹn: wọ́n tò sábẹ́ igi, wọ́n ń kọrin, kálukú gbé àwo tirẹ̀ dání, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n ń gba ògì àgbàdo tí wọ́n da ẹ̀pà lílọ̀ sí. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àwo ara ẹni, tí a fi omi gbígbóná fọ̀, kì í jẹ́ kí àìsàn ẹlòmíràn tètè ran ara tí kò lágbára. Ó wọ̀ mí lára. Mo pinnu pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni kí gbogbo ayé máa ṣe é. Ìgbéraga ni o, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni mo ń pè é.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a ń tọ́jú jẹ́ opó kan ní Jarwal, àdúgbò kan ní Mẹ́kà. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ ló wá ṣe hájì láti ilé, tí wọn kò padà mọ́. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Sàárà ni Àlàájà sọ fún ìyá náà pé oúnjẹ wa jẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó mọ ohun tó ń ṣe opó yìí, ohun kan ṣoṣo tó sì ń bà á lẹ́rù láyé ni pé tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí mo gbọ́ pé ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kó gbádùn mọ́, mo ra àwo aláwọ̀ búlúù kan, olómorí, pẹ̀lú ṣíbí. Mo ní inú rẹ̀ nìkan ni kó ti máa jẹun.

Àlàájà yí àwo náà síwá-sẹ́yìn. "Nọ́ọ̀sì, inú tíréè kan ṣoṣo ni gbogbo ilé yẹn ti ń jẹun. Ta ni yóò dá jókòó ti àwo?"

"Kó ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Nítorí àìsàn wo?"

Ara mi gbóná. Ọ̀sán ti pọ́n, mo sì kórìíra kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ mi níṣẹ́ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ilé ìwé nọ́ọ̀sì lẹ lọ ni?" Ha! Sí obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ! Ó ti àwo náà sínú àpò rẹ̀, ó wọ mọ́tò, kò sì kí mi pé ó dàbọ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ò tilẹ̀ tíì dé ilé ọ̀hún débi tí wọ́n á pè mí ní àlejò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Àlàájà kò dá wá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé e, ó gbé tíréè tí wọ́n fi aṣọ bò. Mo rẹ́rìn-ín sí i, kò rẹ́rìn-ín padà. Ó gbé tíréè kalẹ̀ lórí ẹní, ó yọ àwo búlúù jáde, ó sì sọ ọ́ síbi ẹsẹ̀ mi, nínú iyanrìn tí ọ́ìlì ti bà jẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fi eléyìí ránṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Ọjọ́ kejì tí mo fi jẹun ni ìyá ọkọ mi ní kí ló dé. Mo ní inú ló ń run mí. Ó ní inú rírun kì í yọ èèyàn nídìí tíréè. Ó tú àpótí mi, ó rí oògùn, ó mú un lọ béèrè nílé ìtajà oògùn. Yàrá kejì ni àwọn ọmọ mi ti ń jẹun báyìí. Mo bu ìrẹsì sí èyí àbúrò nínú wọn lẹ́nu lánàá, ó ní 'Là! Là!', pé òun ò fẹ́, ó sá fún mi. Ọwọ́ mi yìí ló fi ń jẹun láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú!"

Dípò kí n bẹ̀ ẹ́, ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe olùkọ́. Mo ní kì í ràn nípa oúnjẹ, mo ní aláìmọ̀kan ni ìyá ọkọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n pè mí kí n wá là á yé e.

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò. "Kí wọ́n pè ọ́ síbo?"

Obìnrin náà ṣí tíréè. Ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ ni, ó ṣì ń gbóná, ó ń ta sánsán kànáfùrù. Ó fọ ọwọ́, ó bu tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó wá ti tíréè sọ́dọ̀ mi. "Ẹ ní kì í ràn. Bisimilláhi, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

Mo mọ̀ pé kì í ràn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìka rẹ̀ là, egbò kékeré wà níbẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró sórí itan mi. Kò pẹ́, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Àlàájà tí kò lọ sílé ìwé nọ́ọ̀sì ti bù ú lẹ́ẹ̀mẹta kí tèmi tó kan ìrẹsì. Mo wá ń bù ú wàdùwàdù, mo ń jẹ, omi ń bọ́ lójú mi. Obìnrin náà kò wo ẹnu mi rárá. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ó da aṣọ bo tíréè.

"Àlàájà, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

N kò rí i mọ́. Ó ń gba oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ní wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ mi sétí òun. Àlàájà ló bá a tún àárín òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe, kò sì fi ọ̀rọ̀ tún un ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá lọ, ó ń jókòó ti obìnrin yẹn nídìí tíréè, lójú ìyá ọkọ, wọn á jọ jẹun tán, á lá ọwọ́ rẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan kí ọmọ kékeré náà tó rọra wá jókòó sáàárín wọn, tó sì la ẹnu. Àlàájà sọ ọ́ fún mi tán, ó gbé ẹrù rẹ̀, kò dúró gba ìdúpẹ́.

Mo bú ìyá ọkọ yẹn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo pè é ní ìkà, mo pè é ní òpè. Àwo búlúù náà ṣì wà ní kíṣìnì mi títí dòní, kò sí ohun tí mo fi ń ṣe, n kò sì lè sọ ọ́ nù. Bí mo bá ti rí i ni mo máa ń rántí pé ìyá yẹn kò mọ̀ pé kì í ràn. Èmi mọ̀, ọwọ́ mi sì dúró.