Àpótí Tí Kò Dáhùn

Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń yínmú tó Fadékẹ́ Àlàrí ní gbogbo Sango-Ọ̀tà. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò fi imú nìkan sọ fún yín pé òmùgọ̀ ni yín, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ yà sí ilé-iṣẹ́ fóòmù kan tó wà lẹ́yìn títì Idiroko, kí ẹ béèrè obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọmọ Ìwó ni. Ó kàwé jáde ní pólì, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Àgbárá, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín fíúsì àti súìsì. Ó wá kó wá sí Ọ̀tà, ó sì bá ọ̀gá mìíràn pàdé tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ephraim Dúrójaiyé lorúkọ ọ̀gá náà, òun ni máníjà. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sanra, ó fẹ́ràn táì pupa, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi "èmi" bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìwé-ẹ̀rí kún ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ìdíje gọ́ọ̀fù tí kò gbá. Bó bá wọ ọgbà láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá kí i, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí ó máa kọ́kọ́ wádìí ẹni tí kò kí òun. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí ibi tí iná ti ń farapamọ́ sínú fóòmù.

Iná máa ń farapamọ́ sínú fóòmù lóòótọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da á tán, bùlọ́ọ̀kù rẹ̀ á ga ju ènìyàn lọ. Ara rẹ̀ á tutù débi pé ẹ lè fẹ̀yìn tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa gbóná lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí wọ́n bá ṣi kẹ́míkà rẹ̀ pò, ooru inú yẹn kò ní lọ sílẹ̀, á máa ga sí i ni, títí yóò fi di iná. Èéfín rẹ̀ dúdú, májèlé gidi sì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó bùlọ́ọ̀kù tuntun sí gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀dì, kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ooru rẹ̀ tó rọlẹ̀.

Nínú ṣẹ́ẹ̀dì yìí ni Táyọ̀, àbúrò Fadékẹ́, ti ń ṣiṣẹ́. Fadékẹ́ ló mú un wá láti Ìwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ìyá wọn sìn wọ́n dé gáréèjì, ó mú ọwọ́ Táyọ̀ lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́ o. Ohunkóhun tó bá ṣe é, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Nítorí Táyọ̀ yìí ni Fadékẹ́ kò ṣe sinmi títí ilé-iṣẹ́ fi gbà kí ó kó àwọn àpótí rẹ̀ sínú ṣẹ́ẹ̀dì. Àpótí pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọn kò ju ike ọṣẹ lọ, kálukú sì ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń tì bọ inú fóòmù láti mọ bó ṣe gbóná tó. Wọn kò ní wáyà, nítorí ọkọ̀ tó ń gbé bùlọ́ọ̀kù á ti fi táyà já gbogbo rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n ohùn wọn kò rìn jìnnà. Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ kò lè pe géètì tààrà, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa sọ fún, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sọ fún òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí yóò fi kan fèrè ńlá tó wà lẹ́nu géètì. Èyí tó bá jíṣẹ́ kì í sinmi, àfi bí ẹnìkejì bá dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Bí kò bá dáhùn, á tún un sọ. Bí ó bá ṣì dákẹ́, á pa á tì, á wá ẹlòmíràn tó ń dáhùn, á sì gba ọ̀dọ̀ onítọ̀hún yí i ká. Àpótí tó bá kú kò lè dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó wà láàyè. Fadékẹ́ fẹ́ràn wọn ju gbogbo àwọn tó ń gba owó oṣù nínú ọgbà yẹn lọ, ó sì máa ń sọ ọ́ kí àwọn tó ń gba owó oṣù gbọ́.

Ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni bàtà Ephraim. Alága tó ni ilé-iṣẹ́ kó àwọn àlejò wá láti báńkì, Ephraim ń mú wọn kiri, ó ń sọ òyìnbó tí òyìnbó fúnra rẹ̀ kò lè túmọ̀. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣẹ́ẹ̀dì ni bùlọ́ọ̀kù kan gbóná jù, fèrè sì ké. Kí àlejò tó béèrè pé kí ló dé, Ephraim ti wà ní géètì, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ níwájú àwọn àlejò. Wọ́n yára gbé bùlọ́ọ̀kù náà síta, kò sí ẹni tí nǹkan ṣe. Ẹni tó ní làákàyè á dúpẹ́. Ephraim kò dúpẹ́, nítorí Alága rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe Fadékẹ́ sí ọ́fíìsì.

"Ta ló fún àwọn nǹkan ẹ yẹn láṣẹ kí wọ́n máa fọn fèrè láì gba ọ̀dọ̀ mi?"

"Sà, iná kì í dúró gbàṣẹ."

"Mò ń sọ̀rọ̀, ò ń fún mi lésì! Prótókọ́ọ̀lù wà nínú ilé-iṣẹ́ yìí. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Èmi ni kí gbogbo wọn kọ́kọ́ sọ fún. Tí mo bá rí i pé ó tó fọn, màá tẹ̀ ẹ́, á fọn."

"Sà, tí ọ̀nà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí èyí tó wà lójú ọ̀nà bá wá..."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní sáyẹ́ǹsì? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti jáde yunifásítì."

Irọ́ ni. Ọdún díẹ̀ péré ló fi ju Fadékẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Fadékẹ́ kò parí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í tún ọ̀rọ̀ sọ fún òmùgọ̀, ìtìjú ló kà á sí. Ó yínmú, ó ní, "Ó dáa, sà," ó sì lọ ṣe é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó dí gbogbo ọ̀nà yòókù, ó jẹ́ kí gbogbo àpótí kọrí sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọ́fíìsì Ephraim. Ephraim kò tilẹ̀ fẹ́ àpótí kékeré tó ń lo bátìrì bíi ti àwọn yòókù. Èyí tó tóbi, tó ní ojú tó ń tàn, tí wọ́n ń kì bọ iná ara ògiri, ló yẹ ọ̀gá. Wọ́n gbé e sí abẹ́ ìwé-ẹ̀rí gọ́ọ̀fù.

Láàárín ọ̀sẹ̀, akọ̀wé ló ń ti ọ́fíìsì náà. Lọ́jọ́ Sátidé, Ephraim fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Bó bá sì ń lọ, á pa gbogbo súìsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ti fíríìjì, á gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, á gbàdúrà sí i kí olè má wọlé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé àpótí ńlá náà síbẹ̀, Fadékẹ́ ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Ó rí ọwọ́ Ephraim tó ń lọ láti súìsì dé súìsì. Ó rí i tí ojú àpótí ńlá náà ṣókùnkùn.

Ó lè sọ̀rọ̀. Gíláàsì fèrèsé nìkan ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń wá irú èyí láti ìgbà tó ti mọ ọkùnrin náà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bó bá di Mọ́ńdè, níwájú Alága, òun á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá onísáyẹ́ǹsì pé ta ló pa àpótí. Bó ṣe ń kọjá lọ sí géètì, ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ṣì ń da fóòmù, nítorí òtẹ́ẹ̀lì kan ń kánjú gba ọjà. Ó rántí pé Táyọ̀ kò níṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó pòṣé, ó ní, "Kò kàn mí," ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé ní Iyana Iyesi.

Ruqoyah, ọmọ Adó-Odò tí òun àti Táyọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì, ló ni iṣẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ, wọ́n fẹ́ sọmọ lórúkọ, ló bá bẹ Táyọ̀ pé kó bá òun dúró. Táyọ̀ kì í kọ ẹ̀bẹ̀. Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ó máa ní òun ò gbọ́n.

Nígbà tí òórùn nǹkan tó ń jó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí ni Ọ̀tà fẹ́ fi àìrùn ṣe? Ti irin yíyọ́ wà, ti ọṣẹ wà, ti pàǹtírí ike wà. Ọkùnrin tí òun àti Táyọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, kò wọlé.

"Táyọ̀, nǹkan ń jó o."

Táyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àpótí àǹtí mi ò ké. Tó bá jẹ́ iná ni, á ti ké."

Ó wọlé lọ sí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, ó ń to bùlọ́ọ̀kù rẹ̀. Gbogbo àpótí tó wà níbẹ̀ ló ń pariwo lọ́nà tiwọn. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn, wọ́n ń tún un sọ, wọ́n ń tì í síwájú, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ kú sẹ́nu ilẹ̀kùn tí alàgbà gbàdúrà sí. Bí èéfín ṣe tú jáde, kò sí àyè láti sá mọ́. Ẹsẹ̀ Táyọ̀ ni wọ́n fi fà á jáde.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní yóò yè, ṣùgbọ́n èéfín ti jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, òun kò sì lè ṣèlérí pé ohùn rẹ̀ á padà. Táyọ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Ruqoyah kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un lómi. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ìyá wọn. Fadékẹ́ ní kí wọ́n fi sílẹ̀, òun fúnra òun ni òun máa sọ ọ́ bí ara Táyọ̀ bá balẹ̀ díẹ̀.

Ní ọ̀sán Túsìdè, Ephraim dé pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti páálí bísíkíìtì. Ó gbàdúrà títí àwọn aláìsàn yòókù fi ń yíra padà. Ó pàṣẹ fún èéfín, ó dè é, ó lé e lọ sí aginjù. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó nu ojú, ó kọjú sí Fadékẹ́.

"Èmi ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan ẹ ló kùnà, Fadékẹ́. A gbẹ́kẹ̀ lé wọn, wọ́n kùnà."

Ọ̀rọ̀ náà gún Fadékẹ́ títí dé egungun.

"Àwọn nǹkan mi? Ẹ̀yin lẹ pa á! Ọwọ́ yín yìí lẹ fi pa súìsì, ẹ tún gbàdúrà sí ilẹ̀kùn!"

"Èmi? Ta ló rí mi?"

"Èmi ni mo rí yín! Láti Sátidé ni mo ti mọ̀. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mò ń wò yín, mo rí i nígbà tó kú. Ọ̀gá onísáyẹ́ǹsì!"

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀. Ephraim fi táì pupa rẹ̀ nu òógùn ọrùn. Ó dùn mọ́ Fadékẹ́. Ó dùn mọ́ ọn dé góńgó, kí n má purọ́. Ohun tó ti ń wá nìyí, ó sì ti rí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ó yínmú sí Ephraim, ó wá yíjú sí ibùsùn kí àbúrò rẹ̀ lè bá òun yọ̀.

Ojú Táyọ̀ là sílẹ̀ gbòòrò.

"Láti Sátidé, àǹtí mi?"

"Táyọ̀, mi ò mọ̀ pé ìwọ lo máa wà níbẹ̀. Ìwọ kọ́ ló niṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ruqoyah ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Ṣíbí tó wà lọ́wọ́ Ruqoyah dúró láàárín méjì. Ó dá a padà sínú ife pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ephraim rí àyè, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó yọ́ jáde, ó sì gbàgbé bísíkíìtì sórí tábìlì. Kò sí ẹni tó wò ó lọ. Fadékẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe ń kánjú, àti bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ níwájú Alága ní Mọ́ńdè. Táyọ̀ kọjú sí ògiri.

Ó wá gbé ọwọ́ sókè. Fadékẹ́ sún mọ́ ọn. Ọwọ́ náà kọjá lára rẹ̀, ó di aṣọ Ruqoyah mú. Ruqoyah tẹ etí sẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló ní?" Fadékẹ́ béèrè.

Ruqoyah ti ń mú fóònù jáde. "Ó ní kí n bá òun pe Màmá ní Ìwó."

"Gbé e wá. Èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó na ọwọ́. Ruqoyah wo ọwọ́ náà, ó wo Táyọ̀. Táyọ̀ mi orí pé rárá. Ló bá dìde, ó gba ẹ̀yìn ibùsùn kọjá, ó yí Fadékẹ́ ká, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ káàsán, mà," ó wí. "Ẹ ò mọ̀ mí. Táyọ̀ ló rán mi."